Ìdájọ́ Ìdí Ihò Ọ̀wàwà ní Igbó Amúnidákẹ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí n kò ní lè pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ fi ọ̀rọ̀ yín sápò títí n ó fi ṣe tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bẹ̀ mí pé kí n sọ ìtàn yìí tí n kò dá lóhùn. Kì í ṣe pé mo ń fi í pamọ́. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí tí mo bá ti rántí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá, ẹ ti jókòó, n kò sì lè ní kí ẹ padà lásán. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí, ọmọ Akíngbilé ọdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe ojo. Mo ti bá ẹfọ̀n jà títí tí àwa méjèèjì fi jọ ṣubú sínú odò, èmi nìkan ni mo sì jáde. Mo ti sùn lórí igi kan náà pẹ̀lú ẹkùn láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a rí ara wa, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ti pàdé iwin tí ń fi irun orí rẹ̀ gbálẹ̀, mo kí i, ó jẹ́ mi, mo sì kọjá lọ. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó rẹ̀ mí tó iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi ṣe adájọ́ ajá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́ ná.

Ìlú méjì ni ó ń du Igbó Amúnidákẹ́: Orí-Àpáta lókè, Etí-Odò nísàlẹ̀. Àwọn bàbá wọn ti jà nítorí igbó náà títí ọwọ́ fi ro wọ́n, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí àwọn ajá máa bá àwọn jà á. Lọ́dọọdún, ìlú kọ̀ọ̀kan yóò mú ọdẹ kan àti ajá kan wá. Ẹran tí wọ́n máa ń lé ni ọ̀wàwà, ẹranko kékeré onírun púpọ̀ tí kò ní ìrù, tí ń gbé inú ihò igi. Ìlú tí ajá rẹ̀ bá borí ni yóò ni igbó náà ní ọdún yẹn: ìgbín rẹ̀, igi ìdáná rẹ̀, irúgbá rẹ̀, gbogbo ẹran inú rẹ̀. Òfin wọn kò pọ̀. Ohùn tí ó bá kọ́kọ́ dún lórí ipa ẹsẹ̀ ẹran ni yóò gba ọmọ ayò mẹ́wàá. Ohùn tí ó bá kọ́kọ́ dúró gbó ní ìdí igi tí ẹran sá gùn ni yóò gba mẹ́wàá mìíràn. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ yóò gun igi lọ wò. Bí ó bá fi ojú rẹ̀ rí ẹran, ọmọ ayò di ti ẹni tí ó gbà á. Bí igi bá ṣófo, tí kò sí ibi tí ẹran lè sá pamọ́ sí, irọ́ ni ajá pa, gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi bá ní ihò, tí adájọ́ kò sì rí ẹran, ẹran lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí. Wọn yóò kó ọmọ ayò náà sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tí ó jèrè, kò sẹ́ni tí ó pàdánù. Ó rọrùn létí, àbí? Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lórí ẹní báyìí, ó rọrùn. Ẹ lọ dúró sí ìdí igi pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí inú ń bí, tí àdá wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí ẹ wá sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí ó jèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú tèmi gan-an nìyẹn. Adájọ́ ọdún náà dé ìdí igi oníhò, ó ní òun rí ẹran, lẹ́yìn náà ó ní òun kò rí i mọ́. Àríyànjiyàn di ìjà. Ọdẹ Orí-Àpáta ọdún náà ju àdá, ojú òsì Ọdẹ́tókun, ọdẹ Etí-Odò, sì fọ́. Adájọ́ náà kó ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tí ó mọ ibi tí ó gbà lọ. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn àgbààgbà ìlú méjèèjì wá bá mi nílé. Wọ́n ní Orí-Àpáta ni wọ́n ti bí ìyá mi, Etí-Odò ni mo ti fẹ́ ìyàwó, èmi fúnra mi kì í sì í ṣe ará ibì kankan nínú méjèèjì. Ta ni wọn ìbá tún wá lọ? Orúnkún mi ń dùn mí nígbà náà, bí ó ṣe ń dùn mí báyìí. Mo kọ̀. Wọ́n bẹ̀ mí. Mo tún kọ̀. Wọ́n jókòó, wọn kò lọ, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ilé mi sì ń tán lọ. Mo gbà.

Ìyàwó mi, Ìbídùn, ń fetí sí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Bàbá Bùsúyì, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ gbà yẹn?”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n.”

Ó ní, “Àwọn ènìyàn mi yóò ní ẹ gbè sẹ́yìn ìyá yín. Àwọn ará ilé ìyá yín yóò ní èmi ni mo tì yín. Bí ẹ bá sì dá a dọ́gba, wọn yóò jọ bú yín pọ̀.”

Mo ní, “Ìyá Bùsúyì, ó ti rẹ̀ mí láti kọ̀ fún wọn.”

Ó kàn lọ wá àdí ẹ̀yán, ó fi pa orúnkún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a wọ inú igbó. Àwa mẹ́ta ni òfin gbà láyè: èmi, Ọdẹ́tókun olójú kan, àti Ògúnjìnmí, ọdẹ Orí-Àpáta, àbúrò ẹni tí ó fọ́ ojú yẹn. Ẹ fojú inú wo irú ìrìn tí a rìn. Èmi ni mo wà láàárín. Ọdẹ́tókun kò bá Ògúnjìnmí sọ̀rọ̀, Ògúnjìnmí kò sì mọ ohun tí ì bá sọ. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn náà ni, ṣùgbọ́n ó fi ojú jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí Ọdẹ́tókun bá sì ti wò ó, yóò yára yí orí kúrò. Ajá Ọdẹ́tókun, akọ dúdú, Ta-ló-rí-i ni orúkọ rẹ̀. Ti Ògúnjìnmí jẹ́ abo pupa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jẹ́-n-simi. Àwọn ajá náà nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn ṣeré. A tú wọn sílẹ̀, wọ́n wọ inú igbó lọ, a dúró, a ń tẹ́tí. Igbó náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí itọ́ ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Orúkọ tí wọ́n fún un kò ṣì í.

Kò pẹ́ púpọ̀, ohùn kan gbó lápá ìwọ̀ oòrùn. Ọdẹ́tókun ní, “Ta-ló-rí-i nìyẹn.” Ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí Ògúnjìnmí fi ní, “Jẹ́-n-simi ni, Bàbá. Mo mọ ohùn ajá mi.” Ohùn náà tún gbó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń gbọ́ ohùn ajá kí n tó gbọ́n, n kò sì lè sọ èyí tí ó jẹ́. Bí ó bá gbó lẹ́ẹ̀kan, ohùn akọ ni. Bí ó bá tún gbó, ohùn abo ni. Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí ajá méjì gbó lápá ìlà oòrùn, níbi tí ó jìnnà pátápátá sí ohùn àkọ́kọ́. Ọdẹ́tókun wò mí. Ògúnjìnmí wò mí. Ajá méjì ni a tú sílẹ̀, ohùn mẹ́ta ni a sì gbọ́. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi.

Ohùn àkọ́kọ́ yẹn ni a tẹ̀ lé. Ó mú wa gba inú ẹrẹ̀, ó mú wa gba abẹ́ ẹ̀gún, títí a fi dé ìdí igi àfárá kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ju ti ìlú méjèèjì lọ. Àwọn ajá náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n jókòó, wọ́n ki ìrù bọ abẹ́ itan, wọn kò gbin. Gbígbó sì ń lọ lókè orí wọn. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, ohun tí mo rò pé igi kejì ni, tí ó fara ti àfárá náà, ó yí orí sí mi. Mo ti rí oríṣiríṣi nínú igbó, mo sì ti sọ fún yín. N kò rí irú iwin yìí rí. Ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi, èèrà sì ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Kò ní ẹnu. Àpò ọ̀fun kan ni ó so kọ́ ọrùn rẹ̀ bí akèrègbè, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohùn ti ń jáde. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá fi ohùn ènìyàn sọ̀rọ̀.

“Adájọ́,” ni ó wí, “mo kí ọ. Mo ti ń gbọ́ ìdíje yín láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti kọ́ òfin yín tán. Ṣé ajá ni òfin yín dárúkọ ni, àbí ohùn?”

Mo dúró, mo ro òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, “Ohùn ni.”

“Ohùn ta ni ó kọ́kọ́ dún lórí ipa ẹsẹ̀ ẹran?”

Ògúnjìnmí fà mí láṣọ. “Bàbá, ẹ má dá a lóhùn.”

Ṣùgbọ́n adájọ́ ni wọ́n pè mí. Mo ní, “Tìrẹ ni.”

“Ohùn ta ni ó kọ́kọ́ dúró gbó ní ìdí igi?”

“Tìrẹ náà ni.”

“Nígbà náà, gùn ún. Wá wo ẹran mi. Tí o bá ti rí i, tí o sì fi ẹnu rẹ sọ ọ́ nínú igbó yìí, èmi ni mo borí, èmi ni mo ni igbó. Kò sí ọmọ ènìyàn tí yóò tún wọ ibí láti ṣa igi tàbí láti mu ìgbín, ẹni tí ó bá sì wọ ọ́ kò ní jáde.”

Ẹ ń bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí n kò fi parọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi. Ó ti gbọ́ ohun tí gbogbo wa gbọ́. Àwọn ọkùnrin méjì yìí náà gbọ́ ọ. Adájọ́ tí ó bá lè yí etí ara rẹ̀ padà nítorí ẹ̀rù yóò yí ojú ara rẹ̀ padà nítorí ohun mìíràn. Irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó fọ́ ojú Ọdẹ́tókun ní ọdún tí ó ṣáájú, kì í ṣe àdá. Nítorí náà mo gba igbà lọ́wọ́ Ògúnjìnmí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfárá náà. Orúnkún mi ń ké. Mo ń sinmi, mo ń gùn, mo ń sinmi. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀ka ńlá kan ti ya kúrò lára àfárá láyé àtijọ́, mo rí ihò. Mo wo inú rẹ̀. Òkùnkùn ni. Mo pẹ́ níbẹ̀ kí ojú mi lè mọ́ ọn lára. Òkùnkùn náà ni. Mo wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irun. Ara gbígbóná. Ọkàn kékeré kan tí ń lù kìkì lábẹ́ ìka mi. Ẹranko náà bù mí jẹ, mo fa ọwọ́ mi yọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lára rẹ̀.

Iwin náà ti gbé orí rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, a wá dọ́gba. Ó rọra béèrè pé, “Ohun tí ọwọ́ mọ̀ tí ojú kò mọ̀, ṣé ó wà, àbí kò sí?”

Mo ní, “Ó wà.”

“Ṣé o mọ̀ pé ẹran wà níbẹ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Nígbà náà, sọ pé o rí i. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

N kò tíì dáhùn tí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Bàbá mi ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Akíngbilé kò lè mọ ohun tí mo ń wí. Inú igbó yẹn ni ó wọ̀ nígbà tí mo ṣì kéré, kò sì jáde. Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wá a nínú orí mi tí n kò rí i. Ó dé wàyí, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tí ó máa ń wú kí ó tó pe orúkọ mi. “Ọdẹ́gbèmí,” ni ó wí, “ó ti rẹ̀ ọ́. Sọ pé o rí i, kí o sọ̀ kalẹ̀. N ó bá ọ lọ sílé. Ní alaalẹ́ ni wàá máa gbọ́ mi.” Mo di ẹ̀ka mú, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. N kò ní purọ́ fún yín: mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rò ó pé bí igbó yìí bá bọ́ lọ́wọ́ ìlú méjèèjì, kò ní sí ohun tí wọn yóò tún jà sí mọ́. Ó jọ ire lójú mi. Ó rẹ̀ mí débi pé ohunkóhun tí yóò mú mi sọ̀ kalẹ̀ jọ ire lójú mi. Ṣùgbọ́n mo wo ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, òkùnkùn ni mo sì rí.

Mo ní, “N kò rí i. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ojú mi kò rí i, ojú ni òfin dárúkọ. Ihò ni. Ọmọ ayò gbogbo, kí a kó wọn sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tí ó jèrè, kò sẹ́ni tí ó pàdánù.”

Kò bínú sí mi ní tààrà. Ìsàlẹ̀ ni ó kọjú sí. Ó fi ohùn Ògúnjìnmí sọ̀rọ̀, ketekete, pé, “Ọdẹ́tókun, ẹ̀gbọ́n mi ṣe é kù ni. Ojú kejì ni mo bá wá.” Mo rí i láti òkè bí Ọdẹ́tókun ṣe fa àdá yọ. Mo fẹ́ kígbe pé kì í ṣe òun. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí iwin náà ti ń ṣe: àpò ọ̀fun rẹ̀ ń wú, ohùn mi sì ń fà jáde láti inú ikùn mi bí ẹni ń fa okùn nínú kànga. Mo la ẹnu, èémí nìkan ni ó jáde. Ọdẹ́tókun gbé àdá sókè. Ògúnjìnmí kò sá. Ó kàn dúró, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọdẹ́tókun fi ojú kan ṣoṣo tí ó kù fún un tẹjú mọ́ ẹnu ọkùnrin náà. Iwin náà tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹ̀ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ètè Ògúnjìnmí kò mì.

Ọdẹ́tókun rọra ní, “Kì í ṣe ìwọ.” Ó sì yí padà, ó sọ àdá náà lu àpò ọ̀fun iwin.

Bí àpò náà ṣe ya, gbogbo ohùn inú rẹ̀ tú jáde papọ̀: ajá, obìnrin, ọmọ ọwọ́, ọdẹ, ohùn àwọn tí ó ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Ta-ló-rí-i àti Jẹ́-n-simi fò dìde, wọ́n ń gbó. Mo jábọ́ láti orí igi, Ògúnjìnmí sì fi àyà gbà mí. Ó gbé mi pọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀n mí sẹ́yìn, èmi tí mo bá ẹfọ̀n jà, ẹsẹ̀ mi ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ. A sáré. Àwọn ajá ṣáájú. Iwin náà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, igi ń wó níbi tí ó ń gbà. Ẹ̀gún pọ̀ ní apá òsì ọ̀nà, Ọdẹ́tókun kò sì rí wọn, mo gbọ́ tí Ògúnjìnmí ń sọ fún un pé, “Fà sí ọ̀tún. Bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka wà níbẹ̀,” Ọdẹ́tókun sì ń fà sí ọ̀tún, ó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wa, ohùn ìyàwó Ọdẹ́tókun pè é. Ohùn ìyá Ògúnjìnmí pè é. Kò sẹ́ni tí ó dáhùn. Ohùn bàbá mi kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ń dúró dè é títí a fi yọ sí gbangba, kò pè mí.

Oòrùn ti mú nígbà tí a jáde. Àwọn ará ìlú méjèèjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì pápá, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn, àwọn àgbààgbà sì wà láàárín. Olórí wọn ní, “Adájọ́, kí ni ẹ rí?” Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Oṣù kan kọjá kí ohùn mi tó padà, bí ẹ sì ṣe ń gbọ́ ọ lónìí yìí ni ó ṣe padà. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Àwọn ọ̀dọ́ Orí-Àpáta ń sún mọ́ iwájú. Àwọn ti Etí-Odò ń wo ojú Ọdẹ́tókun, wọ́n ń retí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu rẹ̀ pé, “Mo borí,” igbó yóò di tiwọn. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ ṣe, kò sẹ́ni tí ì bá bá a jiyàn, èmi kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́tókun nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ihò ni. Adájọ́ gùn ún, kò rí ẹran. Kò sẹ́ni tí ó jèrè.”

Bàbá rẹ̀ ké sí i láàárín èrò pé, “Ọdẹ́tókun, ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

Wọ́n yí sí Ògúnjìnmí. Ó ní, “Bí ó ṣe wí nìyẹn.” Ó sì sọ fún wọn ohun tí ń gbé inú igbó náà, àti bí ó ṣe ń kọ́ ìjà wa lẹ́yìn wa. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan kò gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tí ó ju àdá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n túká, wọ́n ń kùn, olúkúlùkù gba ọ̀nà ìlú rẹ̀. Láti ọdún yẹn, wọn kò ṣe ìdíje mọ́. Àwọn obìnrin ìlú méjèèjì a máa ṣa igi ní etí igbó, wọn kì í jìnnà wọlé, wọn kì í sì í bi ara wọn léèrè ibi tí oníkálukú ti wá.

Èmi jókòó sílẹ̀ níbi tí Ògúnjìnmí sọ̀ mí kalẹ̀ sí. Ìbídùn ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti àárọ̀. Ó gba àárín èrò kọjá, ó gbé igbá omi wá fún mi. Mo mu ún, ó dùn mí lọ́fun. Ó rí ọwọ́ mi tí ẹran bù jẹ, ó fi omi tí ó kù wẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ẹni tí ó borí. Ó ní, “Ẹ dìde, ká máa lọ sílé.”

Mo fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì jókòó tì mí nínú oòrùn.